Ẹni Tó Wọ Orúkọ Mi

“Dúró dáadáa, má fẹ ikùn,” ni ìyá mi wí. Ó yí téèpù mọ́ mi láyà, ó wo nọ́ńbà rẹ̀, ó sì mi orí. “Méjìlélọ́gbọ̀n. Ọdún méjì rèé tí àyà yìí ò kúrò lójú kan. Ṣé oúnjẹ mi kì í dé ibẹ̀ ni?”

“Màmá, ẹ má lo ìyẹn,” ni mo dáhùn. “Kóòṣì ní kí ẹ rán jẹ́sì tèmi ní mẹ́rìnlélógójì.”

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Mẹ́rìnlélógójì? Ìwọ àti ta ni ẹ jọ fẹ́ wọ̀ ọ́?”

“Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn, Màmá. Ó gbọ́dọ̀ tú dáadáa kí apá lè ráyè.”

Ìyá mi ti ránṣọ fún ọdún méjìdínlógún nígbà náà. Ó lè wo ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì kó sì sọ ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ láìdìde lórí àga. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni mo dúró níwájú rẹ̀ tí mo ń purọ́ ìwọ̀n àyà ara mi fún. Bí ẹ bá ń wá òmùgọ̀, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Ó gbà mí gbọ́ torí pé ọmọ rẹ̀ ni mí. Ó rán jẹ́sì mẹ́wàá fún ẹgbẹ́ wa, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán nọ́ńbà mẹ́sàn-án mọ́ ẹ̀yìn èyí tó tóbi jù.

Nọ́ńbà mi ni mẹ́sàn-án. Orúkọ mi ló wà níwájú rẹ̀ nínú ìwé ìdíje. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wọ jẹ́sì náà kì í ṣe èmi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kò gba ife ẹ̀yẹ kankan rí, ì báà ṣe ti eré sísá tàbí ti ìmọ́tótó. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì pírínsípà tí wọ́n kàn tìtorí ife. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í kán pírínsípà, ó sì pàṣẹ fún kóòṣì pé òun fẹ́ ife lọ́dún náà, lọ́nàkọnà. Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni pírínsípà kan náà máa ń sọ fún wa pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó fẹ́ràn òwe yẹn gan-an, bí ẹni tí kò kan rárá.

Fèrè ni à ń pe kóòṣì wa, torí pé fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, àní nígbà tó bá ń bú wa. Eré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, ló ń kọ́ wa. Ọdún méjì ni mo fi ń jí lọ síbi ìdánrawò kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo fẹ́ràn eré náà ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n eré náà kò fẹ́ràn mi. Lọ́jọ́ kan, Fèrè pè mí sẹ́yìn yàrá tí a ń kó bọ́ọ̀lù sí.

“Láti ọdún méjì tí o ti ń bọ̀, ṣé o ti ju ẹyọ kan wọlé rí níbi ìdíje?”

“Rárá, sà.”

“O ò purọ́, ó dáa. Orúkọ rẹ wà lórí ìwé, ìwúlò rẹ ni n ò rí. Mo fẹ́ kí orúkọ náà ṣiṣẹ́. Wàá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, wàá bá wa wọ mọ́tò, wàá bá wa jẹun. Ìwé ẹ̀rí tìẹ ni. Rédíò á máa pe orúkọ rẹ. Ẹlòmíì ló kàn máa bá ọ sáré.”

Ó yẹ kí n sá lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Mo tún dọ̀bálẹ̀ fún un. Inú máa ń bí mi sí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn títí di òní.

Ẹlòmíì náà jẹ́ ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kan tó ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń mọ ọ́n. Gìrìpá ni a sọ ọ́. Wọ́n lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ìwé ìdíje, wọ́n kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ó máa ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ eré, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sán irùngbọ̀n á ti yọrí padà. Bí ọmọ mẹ́rin àti baba wọn ni ẹgbẹ́ wa ṣe ń wọ pápá. Lọ́jọ́ eré wa àkọ́kọ́, ọmọ ẹgbẹ́ kejì kan bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, kíláàsì wo lẹ wà?”

“Mo ti ṣe tán,” ni Gìrìpá fèsì, tòótọ́ tòótọ́. Fèrè yára fun fèrè kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ìyókù.

Eré mọ́kànlá ni a ṣe, mọ́kànlá la jáwé olúborí. Kò sí ìyàlẹ́nu kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń ju búlọ́ọ̀kù sókè láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni bọ́ọ̀lù jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ilé ìwé wa ṣe ń fò sókè, ẹ ó rò pé àwọn gan-an ló bí i. Àwọn olùkọ́ tó mọ̀ dáadáa pé wọn ò rí ojú yẹn ní kíláàsì kankan rí náà ń pàtẹ́wọ́. Rédíò ń pe orúkọ mi. Àwọn oníbàárà ń kí ìyá mi kú oríire, ó sì ra rédíò kékeré kan sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì.

“Ìwọ ni wọ́n ń pariwo yìí?” ni onígbàjámọ̀ wa bi mí. Ó wò mí látòkè délẹ̀. “O kéré sí ariwo rẹ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ wá gbọ́ ìyà tó ń jẹ mí: mo ti ń gbà á gbọ́ pé èmi ni.

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Mo ti sọ fún ìyá mi pé wọn kì í gba òbí láyè níbẹ̀, irọ́ mìíràn tún nìyẹn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó gbé fúláàsì oúnjẹ lọ́wọ́, ó sì wá. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì tí mo gbé táwẹ́ẹ̀lì lé èjìká nígbà tí mo rí i lókè níbi tí àwọn òǹwòran jókòó sí. Gbogbo ènìyàn ń kígbe orúkọ mi. Ó ń wá mi kiri inú pápá. Mo rí i tó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti béèrè nǹkan, mo sì rí i tí obìnrin náà nawọ́ sí Gìrìpá.

Ìyá mi wo jẹ́sì náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, kò lè ṣì í. Ó wá rọra yí ojú títí ó fi rí mi lórí bẹ́ǹṣì. Mo wo bàtà mi.

Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí nígbà tí ọmọ kékeré kan nínú ẹgbẹ́ kejì, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, sọ fún Gìrìpá pé, “Bàbá, ẹ rọra o. Bí eegun yín bá ṣẹ́, ta ló máa tọ́ àwọn ọmọ?” Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Gìrìpá yíjú padà, ó fi ẹ̀ṣẹ́ bà á lẹ́nu. Eyín méjì jáde. Wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ jẹ́sì nígbà tí wọ́n ń fà á kúrò lórí ọmọ náà, rẹfirí sì lé e jáde. Ṣùgbọ́n àmì ayò wa ti pọ̀ jù fún wọn láti bá. A gba ife. Pírínsípà fi ẹnu ko ife náà lẹ́nu níwájú ọmọ tó ń tu ẹ̀jẹ̀.

Kí á tó délé, Gìrìpá ti padà sídìí búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Èmi ni orúkọ náà kù sí lọ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Fèrè yọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, ó gbé jẹ́sì náà lápá. “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ya díẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ ya fọ́tò ìṣẹ́gun, ẹ bá wa tún un rán.” Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fún mi ní lẹ́tà. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni pé èmi, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, tọrọ àforíjì pé mo lu ọmọ ọlọ́mọ. Ó ku kí n fọwọ́ sí i. “Ìgbìmọ̀ ìdíje ní kí ilé ìwé lé ẹni náà sílé títí sáà yìí á fi parí, kí wọ́n má baà gba ife lọ́wọ́ wa. Mú lẹ́tà náà lọ síbi ìpàdé wọn lọ́la, kó o fún ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Sáà yìí ni ìdánwò àṣejáde wa, sà.”

“Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò, kò ní sá lọ. Ife ńkọ́? Ọdún wo la tún fẹ́ rí ife?”

Ìyá mi kò sọ nǹkan kan láti ọjọ́ eré yẹn. Ó gba jẹ́sì lọ́wọ́ Fèrè, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọn àyà rẹ̀. “Mẹ́rìnlélógójì.” Ó fa èmi náà mọ́ra, ó yí téèpù mọ́ mi. “Méjìlélọ́gbọ̀n.” Ó wo Fèrè. “Ẹ máa lọ, Kóòṣì. Màá bá yín ṣe é.” Ọkùnrin náà jáde, ó ń dúpẹ́. Ẹni tó gbé ẹ̀rí olè jíjà lọ tún rán lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jà lólè, tó tún dúpẹ́, kí la fẹ́ pe irú rẹ̀?

Ìyá mi jókòó. “Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi wá orúkọ yẹn kí n tó bí ọ. Ìwọ, ìṣẹ́jú mélòó lo fi yá a jáde?”

Mo na lẹ́tà náà sí i, ó kà á.

“Aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí kò fún un lápá, á ṣò ó lápá, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ẹni mu. Mo ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé nínú ilé mi ló ń bọ̀.” Ó ju bírò sórí tábìlì, ó ti jẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Mi ò ní bá ọ lọ. Bí o bá fẹ́ fọwọ́ sí i, bírò nìyí. Bí o bá fẹ́ gba orúkọ rẹ padà, jẹ́sì nìyí.”

Ẹ má rò pé òdodo ló gbé mi dìde. Ẹ̀rù ìdánwò ni, pẹ̀lú ìtìjú ojú ìyá mi. Ṣùgbọ́n jẹ́sì ni mo mú.

Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó nídìí tábìlì gígùn nínú ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ náà lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan ni alága wọn. Pírínsípà wà níbẹ̀, Fèrè wà níbẹ̀, ọmọ tí eyín rẹ̀ yọ àti bàbá rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Mo wọlé láìkanlẹ̀kùn. Jẹ́sì náà kan orúnkún mi, ojú apá rẹ̀ dé ìhà mi.

“Ta nìyí?” ni alága bi.

Mo sọ orúkọ mi, láti òkè délẹ̀. “Èmi ni nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí ẹ ní kí wọ́n lé sílé, mà.”

Ọmọ tí eyín rẹ̀ yọ náà kọ́kọ́ lanu, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ètè rẹ̀ tó wú. “Èyí kọ́! Bàbá ló lù mí!”

“Bàbá ta?” ni bàbá rẹ̀ bi.

“Bàbá kan ṣá!”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, fèrè kò sí lẹ́nu Fèrè. Pírínsípà gbójú sókè bí ẹni ń ka pákó àjà. “Kò sẹ́ni tó sọ fún mi,” ló ń wí. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í.

Wọ́n gba ife lọ́wọ́ wa. Fèrè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ilé ìwé wa má kópa nínú ìdíje fún ọdún mẹ́ta. Ìgbálẹ̀ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn tó ń kígbe orúkọ mi tẹ́lẹ̀ wá ń pè mí ní ọ̀dàlẹ̀, bí ẹni pé àwọn ni mo yá lórúkọ. Mo ṣe ìdánwò mi, mo yege. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò dá mi sí. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìwà mi pé mo yá ẹlòmíràn ní orúkọ mi láti fi ṣe èrú. Ilé ẹ̀kọ́ gíga méjì ka ìlà kan yẹn, wọ́n dá ìwé mi padà. Ẹ̀kẹta gbà mí lẹ́yìn ọdún méjì. Jẹ́sì náà ni ìyá mi fi ń nu epo máṣíìnì.

Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. N ò tíì sọ fún yín pé kíákíá ni wọ́n kọ orúkọ àwọn akọni sára ògiri nígbà tí a gba ife. Wọ́n fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ nígbà tí ìgbìmọ̀ gba ife padà, ṣùgbọ́n ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n lò. Òjò ti fọ̀ ọ́. Orúkọ mi ló kọ́kọ́ yọ.

“Ẹ̀yin nìyí!” ni ọmọ náà pariwo. “Ṣé ẹ̀yin lẹ ju gbogbo bọ́ọ̀lù náà wọlé?”

“Rárá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo yá ẹnì kan lórúkọ ni. Gbọ́ mi dáadáa: a kì í yá ni lórúkọ bí a ṣe ń yá ni lábẹ́rẹ́. Ohun tí ẹlòmíràn bá fi orúkọ rẹ ṣe, ìwọ ni wọ́n máa wá bi.”

Ọmọ náà tún wo ògiri. “Ẹni tó wá jù ú wọlé ńkọ́? Kí lorúkọ tiẹ̀?”

Eré mọ́kànlá. Mọ́tò kan náà, abọ́ oúnjẹ kan náà. Mo dúró níwájú ògiri yẹn, mo wá orúkọ ọkùnrin náà nínú orí mi, mi ò rí i.

“Mi ò bi í,” ni mo wí.