Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Mú Àkàrà

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọmọ tó mọ bàbá tọ́jú, ẹ yà sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó láàárọ̀ Sátidé. Ìbíkúnlé ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tó ń fi ṣíbí fún bàbá rẹ̀ lógì. Á fẹ́ ẹ kó tutù, á nu bàbá lẹ́nu, òun náà á sì yanu gbàgà bí ẹni pé òun ló ń mu ún.

"Ẹ lanu, bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Àwọn ará àdúgbò ń kọjá, wọ́n ń kan sáárá sí i. "Kúnlé, ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ o!" Ṣítù tó ń ta sìmẹ́ǹtì nísàlẹ̀ ilé náà tilẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá wòran, kí wọ́n lè rí àwòkọ́ṣe.

Bàbá Theophilus tí wọ́n ń fún lóúnjẹ yìí, ríwáyà ni ní Muṣin, ìyẹn àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á wọ ibi tí ojú ò lè dé, á fa wáyà tín-ín-rín jáde. Àfi ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹnu yẹ̀, ẹsẹ̀ wúwo, ọwọ́ ọ̀tún rọ jọwọlọ. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù, Ọlọ́run yọ ọ́. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn, àwọn ìka ọ̀tún náà sì ti ń mira díẹ̀díẹ̀.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ní tirẹ̀ le koko. Àmọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi òsì mú ṣíbí níwájú àlejò, ojú gba Ìbíkúnlé tì.

"Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi, bàbá mi, pé kẹ́ ẹ máa fi òsì jẹun bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Èmi ni màá máa fún yín."

Bí ọwọ́ méjèèjì ṣe fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ kan náà nìyẹn, láìgba pẹ́ńṣàn.

Caroline, àbúrò Ìbíkúnlé, tíṣà ni ní Yábàá. Òun ló gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé àwọn kan láti yunifásítì ń ṣèwádìí lórí bí ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá jà ṣe lè padà máa ṣiṣẹ́. Ó mú bàbá lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, bàbá sì gbà láti bá wọn ṣe é. Bí Jael ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wọn nìyẹn. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni Jael ń ṣe: ó ń kọ́ iṣan àti oríkèé ní iṣẹ́ tí wọ́n ti gbàgbé.

Lọ́jọ́ kan, Jael gbé àkàrà síwájú bàbá. Ó wá fi ìbọ̀wọ́ ńlá kan tó nípọn bí ìrọ̀rí bo ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Ó yá, bàbá. Ọ̀tún lẹ máa fi mú un."

Bàbá nawọ́. Ọwọ́ gbọ̀n, àkàrà bọ́. Ó tún mú un, ó tún bọ́. Òógùn bo bàbá lójú. Ó fi gbogbo agbára ká ìka mọ́ ọn, àkàrà gbéra nínú abọ́! Caroline ti fẹ́ máa jó.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìbíkúnlé ti ibi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú wọlé.

"Jéésù! Ta ló di bàbá mi lọ́wọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀, sà," Jael ní.

"Ẹ má kí mi! Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún bàbá mi, ìyẹn náà lẹ tún dì. Ẹ kúkú gba ẹsẹ̀ rẹ̀ náà, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sí yunifásítì yín!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọwọ́ bàbá ò tíì kú. Ọpọlọ ló fara gbọgbẹ́, tó ń gbàgbé ọwọ́ yẹn. Tá a bá ń bá wọn ṣe gbogbo nǹkan, tàbí tí òsì bá ń ṣe gbogbo nǹkan, ọpọlọ ò ní ránṣẹ́ sí ọ̀tún mọ́. Wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ la ń bo òsì, kí ọ̀tún lè ríṣẹ́ ṣe. Àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀ yìí ló sì ṣe pàtàkì jù."

"Ẹ ń febi pa àgbàlagbà, ẹ wá ń pè é ní ìwádìí!"

Bàbá dá sí i. Ohùn rẹ̀ ń wọ́, àmọ́ ó yé gbogbo ayé.

"Kúnlé. Jẹ́ kó ṣe é."

"Bàbá mi, àánú yín ló pọ̀ jù. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

"Bọ̀ọ̀dá mi," Caroline ní, "bàbá fúnra wọn ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o!"

"Dákẹ́ níbẹ̀! Ìgbà wo nìwọ fún wọn lógì rí?"

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jù ú sí Jael, ó sì tọ́ka sí ilẹ̀kùn. Ó bu àkàrà, ó fi sí bàbá lẹ́nu. Àwọn tó ń yọjú lójú fèrèsé pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ gbọ́ o, wọ́n pàtẹ́wọ́! Bàbá ń jẹ àkàrà, omi ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n ní omijé ayọ̀ ni.

Oṣù ń gorí oṣù. Ìbíkúnlé ń fún un lóúnjẹ, ó ń wẹ̀ fún un, ó ń bá a de bọ́tìnì. Ọwọ́ ọ̀tún kò ríṣẹ́ ṣe. Ó kákò, àwọn ìka ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ tó ti kú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ nà án, bàbá á figbe ta.

Ìyàwó Ìbíkúnlé wá bí ọkùnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé kún fọ́fọ́. Ìbíkúnlé gbé ọmọ tuntun wá síwájú bàbá.

"Bàbá mi, ẹ gbọ́wọ́ ọ̀tún lé ọmọ yín lórí, kẹ́ ẹ súre fún un."

Bàbá gbìyànjú. Èjìká nìkan ló gbéra. Ìbíkúnlé gbá ọwọ́ náà mú, ó fẹ́ là á. Bàbá lọgun, ọmọ lọgun.

Bàbá mí kanlẹ̀.

"Kúnlé, ìwọ lò ń bá mi jẹun. Ìwọ lò ń bá mi wẹ̀. Wá bá mi súre náà. Ìwọ ṣáà lọ́wọ́."

Wọ́n padà lọ bẹ Jael. Ó wá, ó yẹ ọwọ́ náà wò títí. Ó ní ìtọ́jú lè dín ìrora kù, ó sì lè là á díẹ̀ kó ṣeé fọ̀. "Àmọ́ ọwọ́ tó ń fa wáyà yẹn, ẹ̀gbọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín. A ti pẹ́ jù."

Ẹ̀yin ará, bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé yẹ̀, tí apá rẹ̀ rọ tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ìtọ́jú fisiotẹ́rápì, kó tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fa apá tó rọ. Ẹ má ṣe fúnra yín di ọwọ́ ẹnikẹ́ni nílé. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ìyẹn wà fún, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ sọ bóyá ó yẹ. Òsì tí aláìsàn fi jẹun kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sì ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbìyànjú, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ dúró dè é. Bó bá dà á sílẹ̀, ẹ nù ún. Ẹ má ṣáà gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀.