Rédíétọ̀ Ọkọ̀ Bàbá Onígẹdú

Aago méje àárọ̀ ni Bàbá Onígẹdú dé ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì láti wo ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Ilẹ̀kùn páànù ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ó pe Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì, mẹkáníìkì rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́ èsì. Ó wọlé. Mẹkáníìkì náà dojú bolẹ̀ níwájú ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lẹ́yìn orí rẹ̀. Sípánà ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá fi máa dé ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n ti gbé òkú lọ, sájẹ́ǹtì sì ti mú ẹnì kan. Àbúrò olóògbé ni. Kékeré ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi orí ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

"Ọ̀rọ̀ yìí ti yanjú, sà," ni sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ́ńjìnnì ńlá ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ àtijọ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n ní àfi kí wọ́n fi rédíétọ̀ ńlá sí i. Àbúrò ní ti àtijọ́ ni kí wọ́n tún ṣe. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ariwo wọn lánàá. Ẹ wá wo èyí tó wà nínú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí. Ti àtijọ́ ni. Ta ló borí?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ ń wo ojú ọkọ̀.

"Ọ̀gá wa ní kí a gbé e dé ilé ẹjọ́ ní aago méjì, sà."

Ìyàwó olóògbé jókòó lórí táyà kan lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe rí i tí wọ́n ń mú Kékeré kọjá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ó pariwo.

"Apànìyàn! Ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́, tó bọ́ ẹ, lo fọ́ lórí nítorí rédíétọ̀!"

Kékeré wolẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ̀. Rédíétọ̀ àtijọ́ náà kéré sí àyè tó wà. Nọ́ọ̀tì méjì péré ló dì í mú lápá kan, wáyà ni wọ́n fi so apá kejì. Ṣùgbọ́n ihò mẹ́rin wà lára irin iwájú ọkọ̀, wọ́n ń dán, ìyẹ̀ irin ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ wọn. Kò sí nọ́ọ̀tì kankan nínú wọn. Rọ́bà tuntun kan, irú èyí tó ń gbé omi láti ẹ́ńjìnnì lọ sínú rédíétọ̀, so rọ̀ lọ́rùn ẹ́ńjìnnì lápá ọ̀tún. Ó ti ìka bọ inú rẹ̀. Ìka náà jáde funfun, bí ẹni tó fi ọwọ́ kan àtíkè. Ó nu ún, ó dìde.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ rédíétọ̀ àtijọ́ yìí?"

"Èmi ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kó gẹdú pẹ̀lú rẹ̀. Ojú ọkọ̀ mi ni." Bàbá Onígẹdú fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì bi mí pé, 'Bàbá, ẹ́ńjìnnì yìí lágbára ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ṣé gẹdú lẹ fẹ́ kó ni, àbí ẹ fẹ́ máa se omi kiri títì?' Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kó ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ta ló gbé ti ńlá wá?"

"Ọ̀gá Tòkúnbọ̀, ẹni tó ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ ní òpópónà kejì. Ọ̀sán àná ló gbé e wá."

Ìnsípẹ́kítọ̀ lọ bá ìyàwó lórí táyà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn ọkọ yín kẹ́yìn?"

"Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lórí fóònù. Ó ní, 'Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi níbi tí kò yẹ kó wà. Mo ti ránṣẹ́ pe ẹni tó ni ín. Bí a bá sọ̀rọ̀ tán, mo ń bọ̀ nílé.' Nígbà tí kò dé, mo rò pé ó sùn síbi iṣẹ́ ni."

"Kò dárúkọ ẹni náà?"

"Rárá. Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kì í bá ṣe aláìmoore yẹn?"

Kékeré wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ìnsípẹ́kítọ̀ wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Kí ló dé tí o fi ń jà fún rédíétọ̀ àtijọ́?"

"Nítorí Bàbá, sà. Mo fẹ́ tú u, kí n fi ìlà ihò tí omi ń gbà kún inú rẹ̀, kí n sì gbé ẹnu rẹ̀, ibi tí rọ́bà omi ń wọ̀, láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn, pé n kò ní ju ẹnu lọ. A jọ pariwo. Lẹ́yìn náà a rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe."

"O ti gbé ẹnu rẹ̀ sí ọ̀tún?"

"N kò tíì fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo kúrò ní aago márùn-ún, ti ńlá ló wà lójú ọkọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi lu ihò fún un. Mo sọ fún sájẹ́ǹtì. Ó ní irọ́ ni."

"Irú rédíétọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀, ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti tún un ṣe fún rí?"

Kékeré ronú. "Ilé ìwòsàn nìkan, sà. Ó fi òjé dí ti jẹnẹrétọ̀ wọn tó ń jò. Lọ́dún tó kọjá."

Ìnsípẹ́kítọ̀ jáde. Ó pe ilé ìwòsàn lórí fóònù. Ó gbọ́ èsì wọn, ó dúpẹ́, ó sì rìn lọ sí òpópónà kejì pẹ̀lú sájẹ́ǹtì àti ọlọ́pàá méjì.

Ọ̀gá Tòkúnbọ̀ kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá! Ẹ jókòó, sà. Ṣé rédíétọ̀ lẹ ń wá? Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ yín láàárọ̀. Ó ń wúkọ́."

"Ọkọ̀ ìjọba ni. Ó ti mọ́ ọn lára. Rédíétọ̀ ńlá tí ẹ gbé fún Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì dà?"

"Wọ́n dá a padà. Kékeré kò fẹ́ ẹ. Mo ti tà á fún oníbàárà mìíràn láàárọ̀ yìí."

"Ẹ rí Kékeré níbẹ̀ lánàá?"

"Mo kọjá ní aago mẹ́fà ààbọ̀, sà. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Rédíétọ̀ àtijọ́ yẹn ń hó, ooru ń rú jáde lórí rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fún ara wọn lọ́rùn. Mo ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n tàbúrò."

"Ojú yín ló rí i tó ń hó?"

"Ojú mi méjèèjì."

"Ẹ bá mi kálọ, kí ẹ wá sọ ọ́ níwájú wọn."

Bí wọ́n ti ń jáde, Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan sétí sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ọlọ́pàá méjèèjì.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago méjì lù. Gbogbo wọn dúró níwájú ọkọ̀: ìyàwó, Bàbá Onígẹdú, Kékeré pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, àti Ọ̀gá Tòkúnbọ̀. Ọ̀gá Tòkúnbọ̀ tún ìtàn rẹ̀ sọ láìkọsẹ̀. Ìyàwó bú sẹ́kún.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tọ́ka sí rọ́bà tó so rọ̀ lọ́rùn ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ bá wa so ó mọ́ rédíétọ̀, bí ẹ ṣe rí i lánàá."

Ọ̀gá Tòkúnbọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó di rọ́bà mú, ó fà á. Ó wo ẹnu rédíétọ̀. Apá òsì ló wà. Rọ́bà kò dé ìdajì ọ̀nà. Ó tún fà á. Òógùn bò ó níwájú orí.

"Bóyá rọ́bà mìíràn ni wọ́n lò."

"Àtíkè tí wọ́n dà sínú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é ṣì wà níbẹ̀. Omi kò kàn án rí. Kí ló ń hó?"

Sájẹ́ǹtì wọlé pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá méjì. Wọ́n gbé rédíétọ̀ ńlá kan.

"Abẹ́ tàpólì la ti rí i, sà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

"Ẹ gbé e sójú ọkọ̀."

Wọ́n yọ ti àtijọ́, wọ́n gbé ti ńlá síbẹ̀. Ihò mẹ́rin bá ihò mẹ́rin mu. Ìnsípẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ so rọ́bà. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́.

"Háà," ni Bàbá Onígẹdú wí.

"Kékeré, ojú òjé tó wà létí rẹ̀ yìí, iṣẹ́ ta ni?"

Kékeré sún mọ́ ọn. Ó fi ìka kàn án. "Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

Ìnsípẹ́kítọ̀ yíjú sí Ọ̀gá Tòkúnbọ̀.

"Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n jí i lára jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn. Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pè ọ́. O pa á, o tú rédíétọ̀ rẹ. O mọ̀ pé bí ojú ọkọ̀ bá ṣófo, a ó béèrè ohun tó wà níbẹ̀. O ti gbọ́ ìjà wọn, o wá gbé ti àtijọ́ síbẹ̀, kí a lè sọ pé àbúrò ló borí. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ lò ń tà, o kì í dè é. Fífẹ̀ àti gíga lo mọ̀. Ẹni tó ń dè é, ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Kékeré kò lè ṣe àṣìṣe yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ dì í lójú."

Ọ̀gá Tòkúnbọ̀ wo ẹnu ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì ti dúró síbẹ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́ lánàá," ni ó wí. "Mo ní màá gbé e padà. Ó ní lójú òun báyìí ni màá gbé e dé ilé ìwòsàn, kí n sì sọ fún wọn pé èmi ni mo jí i. Ó wá kẹ̀yìn sí mi, ó ń mú fóònù."

Wọ́n mú un jáde. Sájẹ́ǹtì ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Kékeré. Kékeré kò kúrò lójú kan. Ó ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Ìyàwó ti padà sórí táyà. Ó gbójú sókè sí Kékeré.

"Ọkọ mi," ni ó wí, "ẹ mú mi lọ síbi tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n yín sí."

Kékeré na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde.