Òróró Àgbọn àti Èékánná Mẹ́wàá

Bàbá Vaimoana ń jẹ gbágùúdá àti ẹja lọ́wọ́ lórí ẹní nígbà tó ṣàdédé dẹ́nu dúró. Ó fi ìka méjì yọ nǹkan pupa pẹlẹbẹ kan lẹ́nu, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó títí.

"Ẹja tí mo pa lónìí," ó ní, "mi ò rántí pé ó kun èékánná."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Vaimoana nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yára ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Òun ló bẹ gbágùúdá náà, kútẹ́ẹ̀sì ọwọ́ rẹ̀ ló sì bọ́ sínú ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí yóò kùn ún, tí yóò gbẹ, tí yóò máa dán, tí yóò sì ṣí kúrò kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ìbátan wọn kan tó ń gbé ní Auckland lókè òkun ló fi páálí kan ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìgò kútẹ́ẹ̀sì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fáìlì tí a fi ń rẹ́ èékánná, òwú, ìgò omi tí a fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò, àti páálí kékeré kan tí èékánná àlẹ̀mọ́ gígùn kún inú rẹ̀, tó ń tàn yinrinyinrin. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ẹ̀yìnkùnlé ni Vaimoana àti Pisila ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jókòó sí. Wọn á kun ìka kan ní pupa, wọn á kun èkejì ní àwọ̀ ewé, wọn á na ọwọ́ sí oòrùn, wọn á fẹ́ atẹ́gùn sí i. Pisila ló sọ àwọn ìgò náà lórúkọ. Ó pe èyí tó pupa jù ní Ojú Pásítọ̀ Tó Ń Bínú, ó pe èyí tó rí bí eérú ní Ìyá Àgbà Ti Jí.

Ká ní eré lásán ni, bíbọ́ tí kútẹ́ẹ̀sì ń bọ́ kì bá tí dun Vaimoana. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Neiafu, ìlú wọn ní erékùṣù, máa pé ọgọ́rùn-ún ọdún, òun ni wọ́n sì yàn láti jó tauʻolunga, ijó tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ń dá jó lójú gbogbo èrò. Nínú ijó yìí, ẹsẹ̀ kì í ṣe wàhálà púpọ̀, ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Bí orin bá dárúkọ òdòdó, ìka ni yóò tanná. Bó bá dárúkọ ìgbì, ọrùn ọwọ́ ni yóò ru sókè tí yóò sì rọlẹ̀. Ọmọ tó bá jó o dáadáa, wọ́n á máa dárúkọ rẹ̀ kódà lẹ́yìn tó bá ti di ìyá ọlọ́mọ. Èyí tó bá bà á jẹ́, wọ́n á máa dárúkọ òun náà.

Àǹtí Manusiu, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ló ń kọ́ ọ. Bí Àǹtí Manusiu bá wọlé, ohùn bàbá Vaimoana fúnra rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣàwàdà, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá jó tán, á bu òróró àgbọn tó fi òdòdó sè, á fi pa ọmọ náà láti èjìká títí dé ṣóńṣó ìka, á máa ra á títí ara á fi mu ún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ ọ́ pé kó má fi nǹkankan kun ọwọ́ yẹn títí ijó á fi parí, nítorí pé ìka ni àwọn èèyàn ń wá wò. Vaimoana gbà pẹ̀lú ẹnu. Ọkàn rẹ̀ kò gbà, kí Àǹtí sì tó dé ló ti máa ń nu ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ kúrò.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni ọmọbìnrin kan tó ti Auckland wá lọ́dún tó kọjá, tó fi èékánná gígùn aláwọ̀ fàdákà jó ní ibi àsè kan. Odindi oṣù kan ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ èékánná yẹn. Àwọn àlejò Auckland tún ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé yìí. Vaimoana á wo ọwọ́ ara rẹ̀, èékánná kúkúrú tí gbágùúdá bíbẹ àti àgbọn rírin ti kán lọ́tùn-ún lósì, ojú á tì í. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó ní òun kò lè kó ìtìjú ròde.

Bó ṣe di ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì àárọ̀ dé, wọ́n hú oúnjẹ jáde nínú ààrò inú ilẹ̀, wọ́n jẹun yó, gbogbo ilé sì sùn lọ fọnfọn bí wọ́n ti ń ṣe lọ́jọ́ ìsinmi. Vaimoana àti Pisila yọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùnlé pẹ̀lú páálí èékánná àlẹ̀mọ́. Wọ́n fi gúlù tó bá a wá lẹ èyí àkọ́kọ́. Vaimoana ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, èékánná náà fò, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbébọ̀ kan, àgbébọ̀ sì sá tẹ̀lé e pé kòkòrò ni. Wọ́n lẹ èkejì, ìyẹn náà kò dúró.

Pisila rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Fi sílẹ̀ jàre. Àwọn adìyẹ ti ní èékánná tó pọ̀ tó."

Ibi tó yẹ kó ti fi sílẹ̀ rèé. Kàkà bẹ́ẹ̀, Vaimoana wọ inú ahéré tí bàbá rẹ̀ ń kó irinṣẹ́ ìpẹja sí, ó sì mú gúlù tí bàbá fi ń lẹ ẹja onírọ́bà tó fi ń tan àwọn ẹja ńlá. Gúlù tí ẹja ńlá fà tí kò já, kí ni ti èékánná níbẹ̀? Ó kán an sórí ìka kọ̀ọ̀kan, ó tẹ èékánná àlẹ̀mọ́ mọ́ ọn. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mú ṣinṣin. Ó na ọwọ́ sí oòrùn, gbogbo rẹ̀ ń tàn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún.

Ayọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Pisila ní kó jó díẹ̀ kí òun wò ó. Pisila kọrin, Vaimoana gbọ́wọ́ sókè. Ní ibi òdòdó, ìka kò lè fẹnu kora, èékánná ń gbá ara wọn wáwá. Ní ibi ìgbì, èyí tó gùn jù ha á lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ rẹ̀ sì dà bí ọwọ́ alákàn. Ó sáré mú ìgò omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò, ó dojú rẹ̀ dé, kò sí ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi nu kútẹ́ẹ̀sì tán láti àárín ọ̀sẹ̀. Ta ni yóò sì ta òmíràn fún wọn lọ́jọ́ Àìkú? Òfin ò gbà á. Ṣọ́ọ̀bù oríta wà ní títì, ti ìsọ̀ etíkun wà ní títì, ẹni tó bá ń wá ìṣáná lásán lọ́jọ́ yẹn á dúró di ọ̀la ni. Ọ̀la tí ṣọ́ọ̀bù máa ṣí ni ijó máa bẹ̀rẹ̀.

Ó di eyín, ó fa ọ̀kan tagbáratagbára. Ó yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mú díẹ̀ lára èékánná tirẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ sì bo ìka òrùka.

"Sọ pé inú ń run ọ́," Pisila sọ, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Tó o bá wà lórí ẹní lọ́la, kò sẹ́ni tó máa wo ọwọ́ ẹ. Wọ́n á fi ẹlòmíràn jó."

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn, ìdí nìyẹn tó fi wọ Vaimoana létí. Kó dùbúlẹ̀, kó gbé ọwọ́ lé ikùn, kó sì kérora díẹ̀. Àmọ́ ó rántí oṣù méjì tó fi ń kọ́ ijó, ó rántí Àǹtí Manusiu tó ń fẹsẹ̀ rìn wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìgò òróró lábíyá. Bí òun bá purọ́, ijó ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Bí òun bá sọ òótọ́, bóyá á ṣì bọ́, ṣùgbọ́n ó lè má bọ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó dìde, ó di ọwọ́ sínú aṣọ, ó lọ sí ilé Àǹtí, Pisila sì tẹ̀lé e.

Àǹtí Manusiu ti wọ aṣọ dúdú, ó ti wé ẹní tí wọ́n ń ró mọ́ ìbàdí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé orin wà lábẹ́ apá rẹ̀, nítorí òun ni olórí ẹgbẹ́ akọrin. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ mi."

Àǹtí wò ó. Ó wo ẹ̀jẹ̀, ó wo mẹ́sàn-án tó kù tó ń tàn yinrinyinrin. Pisila ṣe bí ẹni fẹ́ sá lọ.

"Ta ló ṣe èyí fún ọ?"

"Èmi ni. Ẹ ní kí n má fi nǹkankan kùn ún, mi ò gbọ́. Gúlù bàbá ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Mi ò lè fi ọwọ́ yìí jó, mi ò sì fẹ́ purọ́ fún yín pé ara mi ò yá."

Àǹtí gbé ìwé orin sílẹ̀. Ó ní kí Pisila lọ gbé omi kaná.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, Àǹtí? Wọ́n ń dúró dè yín."

"Jésù ní tí màlúù bá jìn sí kànga lọ́jọ́ ìsinmi, ká fà á jáde," ni Àǹtí Manusiu wí. "Jókòó síbẹ̀, màlúù."

Ó po omi lílọ́wọ́ọ́ mọ́ ọṣẹ, ó da òróró àgbọn sí i, ó ki ọwọ́ ọmọ náà bọ̀ ọ́. Ọgbẹ́ ìka òrùka nìkan ló fi aṣọ mímọ́ dì, tó sì mú sókè. Vaimoana fẹ́ máa fa àwọn tó kù, Àǹtí gbá a lọ́wọ́. Ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára, ẹ̀rí rẹ̀ sì nìyẹn nínú aṣọ. Bí omi bá tutù, Pisila á pààrọ̀ rẹ̀. Àǹtí á fi òróró sí etí gúlù, á dúró, á tún fi sí i. Láti ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbọ́ àwọn akọrin tí kò ní olórí, tí ohùn wọn ń já sílẹ̀. Àǹtí ń fa ojú ro ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ṣì í, ṣùgbọ́n kò dìde. Ìyẹn ló pa Vaimoana lẹ́kún ju ọgbẹ́ lọ, nítorí ó mọ̀ pé títí dé Kérésì ni gbogbo àdúgbò á máa bi Àǹtí léèrè ibi tó lọ.

Ibẹ̀ náà ló ti gbọ́ ìdí tí kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kò fi pẹ́ lọ́wọ́ rí. Òróró ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi òróró ra èékánná rẹ̀, lójoojúmọ́ ló sì ń fi ọ̀dà kùn ún lórí òróró. "Kò sí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ èékánná tó mu epo," Àǹtí wí. "Ká ní o bi mí ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ǹ bá ti sọ fún ọ." Òróró kan náà ni kò jẹ́ kí gúlù bàbá wọlé tó bó ṣe yẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tú. Atàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ṣorí kunkun, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló tó gbà.

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, Vaimoana jáde sórí koríko pẹ̀lú èékánná kúkúrú mẹ́wàá tí wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ dọ́gba, láìsí ọ̀dà kankan. Àǹtí ti tú aṣọ ìka òrùka, ó sì ti fi òróró pa apá rẹ̀ títí ó fi ń dán. Àwọn àlejò Auckland jókòó sí iwájú. Orin bẹ̀rẹ̀. Òdòdó tanná lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbì ru, ẹyẹ fò láti èjìká kan dé èkejì, ìka òrùka ń ta á, kò sì jẹ́ kí ojú òun sọ ọ́. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi dìde. Wọ́n ń lẹ owó mọ́ apá rẹ̀, owó náà sì ń dúró gbọnyin, nítorí òróró tó ń lé kútẹ́ẹ̀sì dànù ló mọ bí a ti ń di owó mú.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo èrò pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Vaimoana kò lè yíjú, ijó rẹ̀ kò gbà á láyè, ṣùgbọ́n ó rí i ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Àǹtí Manusiu ti bọ́ sójú agbo. Bó ti jẹ́ àṣà pé kí ẹbí jáde wá ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn ọmọ tó ń jó, kí ẹwà ọmọ lè yọ dáadáa, obìnrin tí kì í ṣàwàdà yìí ń fò bí adìyẹ, ó ń ju apá, ó ń yọjú sọ́tùn-ún sósì. Bàbá Vaimoana rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀.

Nígbà tó parí, ọmọbìnrin kan láti Auckland, tí èékánná tirẹ̀ gùn bí ìka, wá bi í léèrè ohun tó fi sọ́wọ́ tó fi dára báyẹn. Vaimoana wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní òróró àgbọn ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí ìka òrùka ti jinná, Àǹtí Manusiu wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó jókòó sórí ẹní, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú ọmọ àbúrò rẹ̀. Vaimoana mọ iṣẹ́ rẹ̀ wàyí. Ó fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ òróró kúrò lára èékánná, ó nù ún gbẹ, ó kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó dúró kó gbẹ, ó tún un kùn. Ojú Pásítọ̀ Tó Ń Bínú ni Àǹtí mú. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, ó fi darí orin, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó mọ̀ kẹ́ ẹ tó dáwọ́ lé e. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ má fi irọ́ lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tó bá tètè na ọwọ́ ọgbẹ́ rẹ̀ síta ni wọ́n ń rí wò sàn.