Ìgò Tí Toader Pò fún Ìyàwó Rẹ̀

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì jù ú nù. Ìtàn ọkùnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa aya rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí ilé wa kò jìnnà sí tiwọn ní abúlé wa lórí òkè, ní ilẹ̀ Romania. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, àárò òkè yẹn ṣì ń sọ mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí òórùn ilé Toader, ṣe ni mo máa ń di imú títí dòní.

Toader ló ni ìkòkò bàbà tí gbogbo abúlé fi ń sè túíkà, ọtí líle tí à ń fi èso plọ́ọ̀mù ṣe. Nígbà tí ewé bá ń wọ́, èso tó ti rà a máa hó nínú àgbá lẹ́yìn ilé rẹ̀, eṣinṣin a sì bò ó pitimu. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ a máa lá èyí tó bá ṣàn sílẹ̀, wọn a yó, wọn a ṣubú. Toader náà a mu, a yó, a ṣubú. Mo ti rí òun àti ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kan náà rí. Ẹlẹ́dẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde.

Síbẹ̀, ìgbéraga rẹ̀ pọ̀. Kò sí ewé kíkorò, kò sí gbòǹgbò, kò sí èèpo èso tí Toader kì í rẹ sínú ọtí, kó sì pè é ní oògùn. "Ẹ gbé e wá," ni yóò wí, "kí n fi túíkà tì í dé inú eegun fún un yín!"

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni òun àti Saveta ìyàwó rẹ̀ bí, Ruxandra. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú un lọ ní ọmọ ọdún méjìlélógún. Láti ọjọ́ náà Saveta kò jẹun gidi mọ́, kò ya irun mọ́, ògiri ló ń wò láti àárọ̀ di alẹ́. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà Smaranda ní ìlú. Dókítà fún un ní amitriptílìn, oògùn hóró fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bò mọ́lẹ̀.

"Màmá," ni dókítà wí, "hóró kan péré ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má fi ẹnu kan ọtí rárá. Ẹnu yín lè gbẹ, oorun lè máa kùn yín, kí ẹ máa rọra dìde kí òòyì má baà gbé yín ṣubú. Bí ẹ bá gbàgbé ti òní, ẹ má lo méjì pọ̀ lọ́la. Bó bá sì yá, tí ara yín bá ti mókun, ẹ má kàn dá a dúró lójijì, ẹ wá bá mi. Ó lè tó oṣù kan kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára. Bàbá, ẹ gbọ́? Ẹ tì í mọ́ àpótí. Bó bá pọ̀ jù, ó lè dá ọkàn-àyà dúró."

Toader mi orí pé òun gbọ́. Èémí rẹ̀ ń rùn débi pé dókítà ṣí fèrèsé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Saveta ya irun rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó béèrè ọbẹ̀ ẹ̀wà. Ìwọ rò pé inú ọkọ rẹ̀ yóò dùn? "Hóró kan! Hóró kan!" ló ń kùn. "Bí ẹni ń ta àgbàdo fún adìẹ. Èmi á parí iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ kan."

Ọjọ́ àjọ̀dún Paraskeva Mímọ́ ló ṣe é. Ní òwúrọ̀, ó ṣí àpótí, ó da gbogbo hóró tó kù sínú odó àsálà, ó gún un, ó dà á sínú ìgò túíkà. Lọ́sàn-án, nígbà tí àlejò kún ilé, ó bu ife kan nínú ìgò náà, ó ta ẹ̀kán rẹ̀ sílẹ̀.

"Ti Ruxandra nìyí," ló wí, ó na ìyókù sí ìyàwó rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, bí ẹ̀kán ọtí bá ti kan ilẹ̀ ní orúkọ òkú, ẹni tó bá kọ ìyókù, òkú náà ló kọ̀.

"Bàbá Ruxandra," ni Saveta wí, "dókítà ní kí n má mu ún."

"Dókítà ló bí Ruxandra ni? Gbé e mì, jàre!"

Ó gbé e mì. Toader bu ìkejì. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ọtí sì ń ṣàn ní irùngbọ̀n wa.

Kò pẹ́ tí ojú Saveta fi pọ́n, ẹyinjú rẹ̀ là rangandan, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí já nǹkan nínú afẹ́fẹ́, ó ń ké pe ọmọ rẹ̀ kó wọlé kúrò nínú òjò. Òjò kankan kò rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣubú lulẹ̀, gìrì mú un, ìtọ̀ rẹ̀ ṣàn dé abẹ́ bàtà wa.

"Ọmọge ti yó!" ni ẹnì kan kígbe, ẹ̀rín tún ta.

Ilarie ló gba ìta wọlé. Òun ló ń fi ọkọ̀ àtijọ́ kan gbé wàrà abúlé lọ sí ìlú. Ó wà lára ìjọ kékeré kan tí kì í mutí, a sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, a ń pè wọ́n ní Aronúpìwàdà.

"Yó kẹ̀?" ló wí. "Ìyá yìí ń kú lọ! Ẹ gbé e!"

Ní ilé ìwòsàn, Dókítà Smaranda so ẹ̀rọ mọ́ àyà Saveta. Ọkàn rẹ̀ ń sáré ségesège. "Kí ló mu? Mélòó ló lò?"

"Kò mu nǹkan kan," ni Toader wí. "Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni."

"Bàbá, bí n kò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, inú òkùnkùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ o!"

"Mo ní kò mu nǹkan kan!"

Ilarie fà á sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n Toader, ìtìjú lẹ ń sá fún ni?"

"Aronúpìwàdà, lọ fún wàrà màlúù rẹ!"

"Ó dáa. Ẹ bú mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ yín, ẹ̀gbọ́n."

Toader wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn ara rẹ̀, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, ó sì bì sórí bàtà ara rẹ̀ níbẹ̀. Kó tó nu ẹnu, ó ti ń ké: "Èmi ni! Gbogbo hóró tó kù ni mo gún sínú ọtí. Ife méjì ni mo fún un. Dókítà, ẹ gbà mí, èmi ni!"

Nígbà náà ni dókítà tó mọ ohun tí òun ń bá jà, tó sì fa oògùn tó yẹ sí iṣan Saveta.

Toader jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilarie jókòó tì í, kò fi òórùn náà ṣe. "Ẹ rí i? Kí ẹ tó jẹ́wọ́, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe. Ẹ sọ ìyókù fún Jésù. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹnu yín ló ń dúró dè."

"Èmi? Irú èmi yìí?"

"Irú yín ló wá fún."

Níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tó ń rùn, Toader ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọdé, ó ń sunkún, ó sì gba Olúwa gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Saveta la ojú. "Bàbá Ruxandra," ló wí, "ṣé ẹ ti jẹun?"

Nígbà tí wọ́n padà sílé, arábìnrin kan nínú ìjọ sọ fún Saveta pé kó má lo oògùn mọ́, ìgbàgbọ́ ti tó. Ilarie dá a lóhùn pé, "Ìwọ náà tún fẹ́ pò ó bó ṣe wù ọ́? Jẹ́ kó ṣe bí dókítà ti wí." Nígbà tí dókítà ní kó tún bẹ̀rẹ̀, Toader fi kọ́kọ́rọ́ àpótí náà sí ọwọ́ Ilarie, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, Ilarie á mú hóró kan wá, Toader á sì bu omi kànga fún ìyàwó rẹ̀. Ife túíkà àtijọ́ náà ló fi ń bù ú.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Bóyá o kò pò ìgò fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun wo ló wà ní èékánná tìrẹ, tí o ń sọ pé kò sí nǹkan? Jésù, Oníṣègùn ọkàn, dúró tì ọ́, ó ń béèrè. Má ṣe jẹ́ kí ẹni tí o fẹ́ràn ṣubú kí o tó dáhùn. Wo ọwọ́ rẹ. Sọ fún Oníṣègùn náà lónìí.