Orúkọ Tó Wà Lókè Fáìlì

Òjò ń rọ̀ ní páàkì Rumuokoro, ní Port Harcourt, lọ́jọ́ tí Kíkẹ́ kọ́kọ́ rí Ilésanmí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ rí. Ìyókù ara ọmọkùnrin náà wà lábẹ́ káńtà, ó ń fa wáyà ẹ̀rọ tó ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn èrò Ẹnúgu sì ń pariwo lé e lórí. Nígbà tó yọrí síta, eruku ti bo imú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń yìn.

"Sorry, my people. Ibinabo, off am, on am," ló wí fún ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

"Ilésanmí, e no gree," Ibinabo dáhùn.

Kíkẹ́ gbọ́ orúkọ náà, ó mọ̀ pé Yorùbá ni. Ó yọjú wo kọ̀ǹpútà wọn. "Wáyà kọ́ ló bàjẹ́. Ẹ pa ojú-ewé yẹn dé, kí ẹ tún un ṣí."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ilésanmí lanu sílẹ̀. "Ah-ah! Àǹtí, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

Kíkẹ́ rẹ́rìn-ín lásán. Òun gan-an ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà, nígbà tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Trans-Amadi. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni mú un lò lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ní òkè òkun sì fi tiwọn kún un. Ẹni tó bá mú un lè tún un ṣe bó ṣe wù ú, ó sì lè tà á. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ ṣe: kò gbọdọ̀ yọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́ àti ọ̀rọ̀ àdéhùn tó wà lókè fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ó dá Kíkẹ́ lójú pé lọ́jọ́ kan ọmọkùnrin yìí á rí orúkọ òun níbẹ̀, á sì sáré wá bi òun. Ó fẹ́ rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ló bá pa ẹnu mọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ìgbín àti ìkarahun. Bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan ni wọ́n ń jẹ kiri ní Mgbuoba. Port Harcourt ni wọ́n bí Ilésanmí sí, Yorùbá rẹ̀ kò já geere, Kíkẹ́ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Olólùfẹ́ mi, ẹ jókòó."

"Ta ni 'ẹ'? Ṣé èmi ni ìyá rẹ ni?"

"Respect no dey kill person, ọkàn mi."

Oṣù ń gorí oṣù, Ilésanmí kò sọ̀rọ̀ orúkọ kankan. Nígbà tó sú Kíkẹ́, ó ní, "Ṣí fáìlì kan nínú ètò tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, jẹ́ kí n rí òkè rẹ̀."

Ilésanmí ṣí i. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ló ni ín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á kọ.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni o. Last year, máníjà ní kí n jẹ́ kó neat. Mo fún un ní àṣẹ kan péré, gbogbo fáìlì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà."

"Orúkọ ta lo bá níbẹ̀?"

"I no read am. Kò sẹ́ni tó ń ka òkè yẹn, Kíkẹ́."

"Orúkọ mi ni."

Ilésanmí tún wo òkè fáìlì náà. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀ ẹ́ nígbà yẹn."

"Ká ní o ti mọ̀ mí, wàá fi tèmi sílẹ̀, wàá yọ tàwọn tó kù. Àbí?" Inú Kíkẹ́ bàjẹ́ ju kó bínú lọ. "Máa lọ sílé, Ilésanmí."

Máníjà ti fẹ́ ta ètò náà fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Aba gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ará Aba dé, Ilésanmí dìde lójú gbogbo wọn. Ó ní àwọn kan ló kọ ètò náà, òun lòun yọ orúkọ wọn, òun sì ti dá a padà. Àwọn oníbàárà ní kò burú, àwọn yóò lọ mú un lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n lé Ilésanmí kó tó dọ̀sán.

Ibinabo ló pe Kíkẹ́. "Your man don lose work o. Na because of that una name."

Ìfẹ́ kún ọkàn Kíkẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn náà kò tíì balẹ̀. Nítorí obìnrin, ọkùnrin lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ; bóyá orúkọ tòun nìkan ló dá padà.

Nígbà tí Ilésanmí gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá, Kíkẹ́ kò wá orúkọ tirẹ̀. Fáìlì kékeré kan tó ń ṣírò ọjọ́ ìrìn-àjò ló ṣí, èyí tí ọkùnrin kan ní Peru kọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí rí. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọdún tó kọ ọ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àdéhùn náà sì pé. Ó ṣí òmíràn, ti obìnrin kan ní Poland. Bákan náà ni.

"Ọkùnrin ará Peru yìí kò ní mọ̀ láéláé pé o dá orúkọ òun padà."

"Mo mọ̀," Ilésanmí wí. "But na him write am."

Omi bọ́ lójú Kíkẹ́, kò sì nù ún. Ó rọra pa láptọ́ọ̀pù náà dé.

"Mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ o," Ilésanmí wí.

"Mo gbọ́. Bàbá mi ń bọ̀ láti Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé, á bi ẹ́ ní iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Bó ṣe rí gan-an ni kí o sọ fún un."

"Bàbá ẹ? Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ wọn?"

"O fẹ́ lọ tọrọ mi ni."