Ọkọ Tí Orí Rẹ̀ Pá

Mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo ṣèlérí pé ìtàn yìí kò ní gùn. Òótọ́ sì ni. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó dá mi dúró níbi tí irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà á lè jókòó sinmi díẹ̀.

Télọ̀ kan wà tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ayàwòrán. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin náà fi lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á jókòó ti tábìlì ilé ìdáná, á máa ya ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí: kẹ́tù tó sàba lé ẹyin, àkàbà tó wọ bàtà, òjò tó ń rọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá Àwòyanu ni àdúgbò ń pè é. Wọ́n á wò, wọ́n á yanu, wọ́n á bá tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tó gbé ẹyọ kan kọ́ sára ògiri rẹ̀.

Ó ya gbogbo ohun tó wà nínú ilé. Ó ya ológbò ará ẹ̀gbẹ́ ilé pàápàá, lẹ́ẹ̀méje. Kò ya ọkọ rẹ̀ rí. Télọ̀ ń bá aṣọ rírán rẹ̀ lọ. Àgbàlagbà kì í bá ológbò jowú.

Ọdún kejì tí obìnrin náà kú ni gbọ̀ngàn àwòrán ìlú ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìpàtẹ ku ọ̀la, Télọ̀ wọlé síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn rẹ̀ bó ti máa ń wà láti ogójì ọdún. Akọ̀wé gbọ̀ngàn, ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú, ń lẹ orúkọ mọ́ abẹ́ àwòrán. Ó ku ẹyọ kan, èyí tí olóògbé yà kẹ́yìn: ọkọ̀ ojú omi kan tó fi ẹsẹ̀ àga mẹ́rin dúró nínú pálọ̀, tó jẹ́ pé ọkọ́ tí à ń fi roko ni àjẹ̀ rẹ̀. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn àwòrán náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ỌKỌ MI.

"Mo ti kọ ọ́, Bàbá," ni akọ̀wé wí. "Ọkọ̀ Mi."

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ̀yin dà níbẹ̀?"

"Lẹ́tà ni kó o wò. Àmì abẹ́ wà, àmì orí kò sí. Ọkọ̀ ní àmì. Ọkọ́ ní àmì. Ọkọ nìkan ni orí rẹ̀ pá."

Akọ̀wé wo orí Télọ̀. Ó yára gbé ojú kúrò.

"Bóyá wọ́n gbàgbé ni, sà."

Télọ̀ kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ń yí ẹ̀yìn àwòrán wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo mẹ́rìndínlógójì. Àkàbà: àmì pé. Òjò: àmì pé. Ológbò, lẹ́ẹ̀méje: àmì pé. Nígbà tó dìde, orúnkún rẹ̀ ké.

"Ẹni tí kò gbàgbé àmì ológbò ni yóò gbàgbé tèmi?"

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kà á síta, ká gbọ́ èyí tó bá a mu." Ọmọ náà fi ṣe àwàdà ni. "Ọkọ̀ mi."

Omi dún. Wọn kò rí omi; wọ́n gbọ́ ọ. Ó rọra ń gbá ara igi. Ó dákẹ́.

Akọ̀wé wo òkè àjà. "Páìpù ni."

"Ka èkejì."

"Ọkọ́ mi."

Kì. Irin wọ ilẹ̀ tútù. Òórùn erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gba inú gbọ̀ngàn kan. Oòrùn ń ràn lóde.

"Ìyẹn ńkọ́? Páìpù náà ni?"

Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Ka ẹ̀kẹta."

"Ẹ kà á fúnra yín."

"Èmi? Ta wá ni ọkọ tèmi? Obìnrin ló kọ ọ́. Ohùn obìnrin ló ń fẹ́."

"Bàbá, èmi kì í pe ọkọ ọlọ́kọ o."

"Mo yọ̀ǹda rẹ. Kà á."

Ó kà á, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń jí aláìsàn. "Ọkọ mi."

Fáànù dúró. Ariwo òpópónà dákẹ́. Nígbà náà ni igi dún nínú àwòrán, kẹ̀ẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó ti jókòó bá sún kí ẹlòmíràn lè ráyè.

Télọ̀ gbé ọwọ́ sí ọrùn. Téèpù kò sí níbẹ̀. Ó ń fì ní etí ọkọ̀, nínú àwòrán. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì tutù.

Akọ̀wé kọ orúkọ mìíràn. Kò fi nǹkan kan sí i lórí.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Télọ̀ ń lọ jókòó síwájú àwòrán náà, ó gbé bàtà tuntun sínú báàgì. Akọ̀wé sọ pé ìdí ògiri pálọ̀ inú àwòrán ni ọkọ̀ náà wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nísinsìnyí, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ti dé etí férémù.

"Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀."

"Wọ́n ti pè mí. Ẹni tí wọ́n pè kì í sún sẹ́yìn." Ó gbọn eruku tí kò sí lára bàtà. "Mi ò ṣáà ní fi bàtà àtijọ́ wọ ọkọ̀ ìyàwó mi."

Ẹ jọ̀ọ́, inú yín ni kí ọ̀rọ̀ yìí kú sí. Bí ẹsẹ̀ bá gbé yín débẹ̀, ojú ni kí ẹ fi ka orúkọ abẹ́ àwòrán náà. Ẹ má kà á síta. Pàápàá jù lọ, ẹ̀yin obìnrin.