Ẹni Tó Dá Bàtà Padà

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà wú lápá kan bí ẹni tó fi odindi ọsàn pamọ́ sẹ́nu, síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ara ògiri nínú yàrá tí àwọn èèyàn ti ń dúró de dókítà eyín, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, omijé ìrora àti ti ẹ̀rín ń ṣàn pọ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n ti pa ohùn tẹlifíṣọ̀n náà. Nínú rẹ̀, dáínásọ̀ kan tó hàn gbangba pé rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é ń lé ọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kékeré gba inú igbó.

Nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá pè é dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ká sòótọ́, fíìmù náà ló dá a dúró, kì í ṣe ọkùnrin yẹn. Láti kékeré ni kò ti rí i mọ́. Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"'Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má sá! Bàtà ọmọ yín rèé o!'"

Ọkùnrin náà yíjú padà. "Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dáínásọ̀ yẹn ni."

"Dáínásọ̀ wo? Ó fẹ́ jẹ wọ́n ni!"

"Jẹ ta? Bàtà ọmọ yẹn ló bọ́ níbi tí wọ́n ti ń sá. Ó ṣà á, ó ń sáré tẹ̀lé wọn kó lè dá a padà. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Èmi ò sí nínú ayé yẹn nìyẹn! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń sùn nítorí ẹranko yìí."

"Ojo ni yín ni. Ẹ dìde, dókítà ń pè yín. Òun náà ò ní jẹ yín."

Dókítà yọ eyín náà. Pẹ̀lú òwú lẹ́nu, ọkùnrin náà ṣì ń jiyàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí.

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá ná," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Eyín tí ẹ máa fi jiyàn ṣì kù lẹ́nu yín."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tó tún fi yọjú.

"Èwo ló tún ń dùn yín?"

"Kò sí. Ihò èyí tí ẹ yọ ni mo ní kí n gbé wá kí yín."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ fajú ro. Ojú kọ̀, kò ro.

Ògbufọ̀ ni ọkùnrin náà nílé ẹjọ́. Bí àjèjì bá wí ọ̀rọ̀ kan, òun ni yóò sọ ọ́ fún adájọ́ gẹ́lẹ́ bó ti jáde. Kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí i, kò gbọdọ̀ bu ata kúrò níbẹ̀. Kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tí kò bá yé e máa ń yún un bí èèrà tó kó sí ṣòkòtò, ọ̀rọ̀ dáínásọ̀ yìí sì ti wọ inú ṣòkòtò rẹ̀.

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá fíìmù náà kiri. Wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, Ògbufọ̀ á ká ìka rẹ̀ bí èékánná, á bú ramúramù, Nọ́ọ̀sì á máa bẹ ọlọ́jà pé kó má bínú. Kí wọ́n tó rí i, "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn, "ìwọ" sì ti di "ọkàn mi".

"Ṣùgbọ́n o, bí bàbá mi ò bá fẹ́ ọ, mi ò lè fẹ́ ọ," ni Nọ́ọ̀sì sọ fún un nígbà tí wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà dání tí wọ́n ń lọ. "Látìgbà tí ìyá mi ti kú, òun nìkan ló tọ́ mi. Òun náà ló máa ń túmọ̀ èdè òkèèrè inú fíìmù yìí fún mi."

"Ó gbọ́ èdè yẹn?"

"Ketekete."

"Èmi náà kọ́ ọ ní yunifásítì! A óò jọ máa sọ ọ́ nìyẹn."

Onígbàjámọ̀ ni bàbá náà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà nítorí àlejò, ó sì bu gúgúrú sínú abọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Ẹ wá wo fíìmù! Òkè ńlá ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ bí aṣọ orí okùn, síìpù sì hàn kedere lẹ́yìn dáínásọ̀.

"Àṣé ẹ̀wù ló wọ̀!" Bàbá lu itan. "Ooru á ti pa ẹni tó wà nínú ẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó kan ibi tí ẹranko náà ti ń lé wọn, Bàbá húkọ́ díẹ̀, ó yí ohùn padà bíi ti àtijọ́: "'Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má sá!'"

"Rárá o, Bàbá," ni Ògbufọ̀ wí kíákíá, bó ṣe máa ń ṣe nílé ẹjọ́. "'Ẹ sáré, ó ti fẹ́ẹ́ bá wa' ni ọkùnrin yẹn wí. Ẹranko yẹn ò sọ nǹkan kan. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó dárúkọ bàtà."

Gúgúrú dúró sí Nọ́ọ̀sì lẹ́nu. "Bàbá, ẹ gbọ́ èdè yẹn ṣá?"

Bàbá wo abọ́. "Mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀ rí." Ó dìde, ó lọ ń gbá ṣọ́ọ̀bù tó ti gbá láàárọ̀.

Ẹyin lohùn. Ti Ògbufọ̀ ti balẹ̀. Nígbà tó padà wá sọ pé òun fẹ́ fi Nọ́ọ̀sì ṣaya, ìdáhùn Bàbá kò gùn: "Ọmọlúàbí ni ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lójú ọmọ mi, mi ò ní fún un lọ́mọ náà."

Nígbà tí òun àti Nọ́ọ̀sì jáde sójú títì, Ògbufọ̀ ní, "Òótọ́ ni mo ṣáà sọ."

"Mo mọ̀. Ta ló bi ọ́?" Ojú Nọ́ọ̀sì pọ́n. "Nígbà tí ìyá mi kú, ohunkóhun tó bá ti bú ń já mi láyà: ààrá, mọ́tò, ajá. Lẹ́yìn fíìmù yẹn, bí ààrá bá sán, mo máa ń bi Bàbá pé kí ló gbé wá fún wa. Ìyẹn lo ní kì í ṣe òótọ́."

Ògbufọ̀ lọ sílé. Ó tún fíìmù náà wò. Lọ́tẹ̀ yìí ó pa ohùn rẹ̀, kó lè rí ohun tí Nọ́ọ̀sì rí. Bàtà ọmọ náà bọ́ nínú igbó lóòótọ́. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ lásán kan sáré. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, bàtà méjèèjì ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ògbufọ̀ dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn kó lè tún ibẹ̀ wò. Ó tún dá a padà. Èèrà tún wọ ṣòkòtò.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Bàbá lè lé ẹni tó ń tọrọ ọmọ. Kò lè lé oníbàárà. Ó ta aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn láìsọ̀rọ̀, ó sì ti kílípà bọ irun. Orí ti dé ìdajì.

"Bàbá, ẹ má bínú, ìbéèrè kan ò jẹ́ kí n sùn. Bàtà yẹn padà sẹ́sẹ̀ ọmọ yẹn. Ta ló dá a padà?"

Kílípà dákẹ́.

"Ta ló ní kó o bi mí?"

"Ẹnìkan ò ní kí n bi yín. Mo wá a tì ni. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, kò sí níbẹ̀. Àlàyé yín nìkan ló bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Èmi ni mo ṣì í."

Bàbá jókòó sórí àga kejì, kílípà dání. "Èmi ò rí bàtà kankan o. Òun ló rí i. Ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ibi tí a ti ń wo fíìmù yẹn ló ti lanu: 'Bàbá, ta ló dá bàtà ẹ̀ padà?' Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ṣé kí n ní mi ò mọ̀ ni? Ta ló tún wà lẹ́yìn wọn bí kò ṣe ẹranko yẹn?" Ó mi orí. "Ìbéèrè tìrẹ náà nìyí. Ẹ̀yin méjèèjì ò ní jẹ́ kí n sinmi láyé."

Nọ́ọ̀sì, tó ti ibi iṣẹ́ dé, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbàgbé pé òun ló bèèrè.

"Bàbá," ni Ògbufọ̀ wí nínú aṣọ funfun náà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́mọ yín."

"Mi ò ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Òun nìyẹn, bi í."

"Tí ọmọ wa bá bi wá ní ohun tí a ò mọ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí, "kí lo máa sọ fún un?"

Ògbufọ̀ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Màá ní kó lọ bi bàbá rẹ̀ àgbà."

Ẹ̀rín pa Bàbá débi pé ó ní láti fi kílípà sílẹ̀.

"Mo gbà nígbà náà," ni Nọ́ọ̀sì wí, jẹ́jẹ́.

"Ẹ jẹ́ n parí orí yìí ná," ni Bàbá wí, ó ń nu ojú. "Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tó gẹ irun ìdajì."

Ọwọ́ Bàbá ṣì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Nọ́ọ̀sì bá wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí olólùfẹ́ rẹ̀ mú kó má mì.